Igi Arère Ọ̀nà Afo

Ẹ fa àga yẹn kúrò lójú oòrùn kí ẹ jókòó dáadáa. Ràṣídì, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ọ́, bàbá rẹ ń ránṣọ láàrin ìlú, o mọ̀ pé a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. Rọ́nkẹ́, ìwọ ní Ìbàdàn lo ti wá, torí tìrẹ ni mo ṣe ń sọ Yorùbá oníwèé yìí. Bí mo bá gbé èdè tiwa jáde, Ràṣídì nìkan ni yóò máa rẹ́rìn-ín, ìwọ yóò kàn máa wo ẹnu mi ni.

Ẹ ní àwọn olùkọ́ yín ní polí ló rán yín. Ẹ ní wọ́n fẹ́ so Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ pọ̀, kí bọ́ọ̀sì máa lọ kó máa bọ̀, kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà, kí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wà, kí ẹni tó ń gbé abúlé lè rí ọjà, kó rí ilé ìwòsàn, kó rí ẹbí rẹ̀, láì di ẹrù gba Èkó lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ ti tẹ́ àwòrán ilẹ̀ yín sórí tábìlì mi, ẹ fi ife omi mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Mo ti wò ó. Ìlà pupa ni ti bọ́ọ̀sì, ìlà aláwọ̀ ewé ni ti ẹlẹ́sẹ̀. Mo rí Ìdóàní, mo rí Ijagba lọ́hùn-ún, mo rí Afo. Mo wá abúlé tiwa títí ojú fi ń ro mí, Rọ́nkẹ́ ló fi ìka hàn mí. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ẹ wá bi mí pé, ibo ni mo fẹ́ máa lọ tí n kò rí ọ̀nà lọ.

Afo ni. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi wà.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, kò kọ̀ mí sílẹ̀. Ó kú ni. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, bí mo bá sùn tí n kò jí, ulé bàbá mi ni kí ẹ gbé mi lọ.” Ulé ni à ń pe ilé níbí, Rọ́nkẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ náà wá bẹ̀ mí pé ọmọ àwọn ni, kí n jẹ́ kó sùn ti ìyá rẹ̀. Mo gbà. Kò dùn mí nígbà náà, torí mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí mo bá mu ẹ̀kọ tán láàárọ̀, tí mo mú ọ̀pá mi, kí oòrùn tó mú mo ti dé Afo. N ó jókòó ti ẹsẹ̀ ibojì rẹ̀, n ó sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ, n ó fa koríko díẹ̀ tu, n ó sì padà wálé wá wo àwọn adìẹ mi. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí èmi náà yóò fi sùn. N kò mọ̀ pé ọ̀nà máa ń kú.

Ọ̀nà náà ti kú báyìí. Bí mo bá fẹ́ lọ sí Afo lónìí, n ó kọ́kọ́ gun ọ̀kadà jáde sí títì, n ó wọ mọ́tò dé Ọ̀wọ̀, n ó wọ òmíràn dé Ìdóàní, n ó tún wá ọ̀kadà mìíràn níbẹ̀. Ìlú tí mo ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti ẹ̀yìnkùlé mi bí afẹ́fẹ́ bá gba ọ̀hún wá! Mo dán an wò lọ́dún tó kọjá. Ọlọ́kadà tó gbé mi dé ibẹ̀ kò pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é kíákíá.” Kí ni ènìyàn fẹ́ bá òkú sọ kíákíá? Mo kàn ní, “Mo wá o,” mo sì padà sẹ́yìn ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọmọ mi tó wà ní Àbújá gbọ́, ó ní kí n má dán irú rẹ̀ wò mọ́, kí n kúkú wá máa bá òun gbé. Mo bi í pé ta ni mo mọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe wà láàyè, kí ẹ lè mọ ohun tó pa á.

Ọ̀nà Afo kò ní kọngílá, kò ní ẹnjiníà. Ẹgbẹ́ ló ni ín. Níbí, àwọn ọkùnrin tí wọ́n bí sígbà kan náà a máa di ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní apá ọ̀nà tirẹ̀ tí yóò máa ṣán. Láti ẹnu ilé baálẹ̀ dé ìdí àgbálùmọ̀, ti àwọn bàbá wa ni, torí àgbà kò gbọdọ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń dáná. Láti ìdí àgbálùmọ̀ dé odò, ti àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Láti odò lọ dé ìdí igi arère, níbi tí koríko ti ga ju ènìyàn lọ, tí yèrèpè sì kún ibẹ̀, ta ni ẹ rò pé wọ́n fún? Àwa ọ̀dọ́ ni. Yèrèpè ìgbà yẹn, bí mo bá ti rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn a tún máa yún mi.

Ìdí arère ni ààlà. Igi yẹn ti dàgbà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Tiwa pin síbẹ̀, ti Afo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn náà ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n á máa ṣán bọ̀ láti ẹnu ilé tiwọn. Ọjọ́ kan náà ni a jọ ń ṣe é, kí ọdún Ìgogo tó dé, nígbà tí òjò ti bọ́ koríko yó tí iṣu titun sì ti wà nílé. Àwọn ọmọ wa tó wà lájò yóò fẹ́ wálé wá ṣọdún, a kò lè jẹ́ kí igbó pàdé wọn. Baálẹ̀ tiwa á ránṣẹ́ sí ti Afo, tọ̀hún á fèsì, ọjọ́ ti pé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọjà. Ọrọọrún là ń ná an, ṣùgbọ́n bí ọjà wa bá bọ́ sí òní, ti Afo kì í bọ́ sí òní, ti àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kì í bọ́ sí òní, kí èrò lè kárí. Ta ló jókòó tò ó bẹ́ẹ̀? N kò mọ̀, n kò bá wọn níbẹ̀. Ẹ̀yin ń pe tiyín ní ètò, ẹ sì ń fi bírò kọ ọ́. Àwa bá tiwa nílẹ̀ ni, a kàn ń rìn nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ ọ̀nà, àdá lórí òkúta ìpọ́n ni yóò jí ọ, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn ìyá wa á máa bú wa pé a kò tíì jẹun, àwa á máa sáré kí àwọn ẹgbẹ́ wa má baà pè wá ní ọ̀lẹ. Bí a bá ti kọjá odò, tí a ti ṣán dé ibi tí ilẹ̀ ti gòkè díẹ̀, olórí wa á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa á dákẹ́. A ó fetí sílẹ̀. Lọ́hùn-ún, nínú igbó níwájú wa, a ó gbọ́ àdá àwọn ará Afo. Ṣá, ṣá, ṣá. O kò rí wọn. O kàn mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá pàdé rẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ rédíò, mo ti gbọ́ fóònù, n kò tíì gbọ́ ohun tó dùn létí mi tó ìyẹn.

Ìhà tó bá kọ́kọ́ dé ìdí arère kò gbọdọ̀ jókòó kó tó ránṣẹ́. Ẹnì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá á la igbó kọjá lọ bá ìhà kejì, á dúró sọ́ọ̀ọ́kán, á ké sí wọn pé, “A ti dé ìdí arère! Ìhà tiwa ti mọ́!” Àwọn á dáhùn pé, “Ẹ dúró dè wá, a ń bọ̀!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kì í yí i padà. Ẹni tó bá kẹ́yìn á gba yẹ̀yẹ́ títí ọdún yóò fi yípo, ṣùgbọ́n wọn kì í fi í sílẹ̀ lọ. A ó dúró dè é.

Bí koríko tó kẹ́yìn bá ti wó tí a rí ojú ara wa, ó ku oúnjẹ. Oúnjẹ tiwọn là ń jẹ lọ́jọ́ náà, tiwa ni wọ́n ń jẹ. Iṣu sísun ni, pẹ̀lú epo pupa, àti ẹran ìgbẹ́ bí ọdẹ bá rí nǹkan pa. Lọ́dún kan, ọ̀dọ́mọbìnrin Afo kan gbé iṣu tirẹ̀ síwájú mi, ó gbé epo tì í nínú àwo tánganran. Mo gé iṣu, mo rì í bọ inú epo, mo jù ú sẹ́nu. Iyọ̀! Iyọ̀ tí ilé kan yóò fi se ọbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ló wà nínú epo yẹn. Ẹni tó bá sì kọ oúnjẹ ìhà kejì lábẹ́ arère, ó ti kọ ìlú wọn nìyẹn. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo mu omi kèrègbè mi tán, mo mu ti ọ̀rẹ́ mi. Ó dúró tì mí, ó ń wò mí. Nígbà tó wá fi ìka tọ́ ìdí àwo epo náà lá, ó figbe ta. Ó ní, “O jẹ gbogbo rẹ̀? Ṣé ahọ́n rẹ kú ni?” Mo ní ó dùn. Irọ́ ni, òun náà sì mọ̀. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ yẹn ni mo tẹ̀ lé dé ilé bàbá rẹ̀. A gbé pọ̀ di arúgbó, bí mo bá sì ṣẹ̀ ẹ́, kì í bá mi jà, iyọ̀ ọbẹ̀ ni n ó fi mọ̀.

Ẹ mu omi. Ràṣídì, bu omi fún Rọ́nkẹ́. Inú àmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni o, omi inú rẹ̀ mọ́, àárọ̀ yìí ni mo pọn ọ́n. Àmù yẹn kì í ṣe ti ilé, ti èrò ọ̀nà ni. Gbogbo ilé tó kọjú sí ọ̀nà ló ní tirẹ̀ nígbà náà. Bí igbá bá dojú délẹ̀ lórí rẹ̀, omi wà nínú. Bí igbá bá ṣíjú sókè, omi ti tán, onílé á sì sáré lọ pọn. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí igbá tiwa ṣíjú sókè. Àwọn tó ń gbé iṣu lọ sí Afo, àwọn tó ń gbé ìkòkò bọ̀, wọ́n á mu, wọ́n á kí i láì rí i, òun náà á dá wọn lóhùn láti inú ilé. Láìpẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì kan wá wo inú àmù náà, ó ní ìdin ẹ̀fọn ti wà nínú rẹ̀, kí n dà á nù. Ojú tì mí. Kì í ṣe pé n kò pọn ọ́n. Kò sí ẹni tó ń mu ún ni. Láti ìgbà náà, mo ń dà á nù, mo ń pọn òmíràn. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ṣeun.

Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀n, ààlà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ti àwọn àbúrò wa, ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn tiwa. Nígbà tí àwa dàgbà kúrò nídìí arère, àwọn ló gba àdá níbẹ̀. Agbára ń gùn wọ́n. Lọ́dún kan, wọ́n ṣán dé ìdí igi, wọn kò gbọ́ ìró àwọn ará Afo, òjò ti dá àwọn yẹn dúró nílé. Dípò kí wọ́n ránṣẹ́ kí wọ́n dúró, wọ́n ní àwọn á ṣe wọ́n lóore. Wọ́n kọjá arère. Wọ́n ṣán apá àwọn ará Afo lọ títí, ibẹ̀ mọ́ roro. Ẹ rò pé wọ́n dúpẹ́? Àwọn ará Afo dé, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ojú àwọn ọmọ náà, wọ́n gbé iṣu wọn padà sílé láì jẹ tiwa. Torí níbí, ẹni tó ṣán igbó ló ń sọ pé òun ló ni ín. Oore wọn ti di ẹjọ́ ilẹ̀.

Àwọn àgbà wa mú obì, wọ́n mú ewúrẹ́, wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀. Baálẹ̀ Afo gba obì, ó gba ewúrẹ́, ó ní ó ku nǹkan kan. Ó ní kí a dá koríko àwọn padà. Gbogbo wọn wo ara wọn. Báwo ni a ṣe ń dá koríko padà? Ohun tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ apá yẹn títí koríko yóò fi hù padà, kí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn wá ṣán an. Ìyàwó mi ti wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ó lóyún àkọ́bí wa, ó sì fẹ́ rí ìyá rẹ̀. Kò lè lọ. Ibi tí Rọ́nkẹ́ jókòó sí yìí ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa gbàdúrà kí koríko tètè hù. Mo ní, “Ìwọ nìkan ni ìyàwó àgbẹ̀ tí mo rí tó ń gbàdúrà fún koríko.” Ó ju agbọ̀n lù mí. Nígbà tí koríko hù tán, tí a jọ ṣe iṣẹ́ ọ̀nà padà, ariwo ayọ̀ ọjọ́ náà pọ̀ ju ti ọdún lọ. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá sí ìdí arère, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ gbá ọ̀nà ọmọ òun.

Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Kátàpílà dé, wọ́n la títì ọlọ́dà, ó gba ọ̀hún kọjá, kò gba ọ̀dọ̀ wa. Ẹ má rò pé mo ń bá títì jà o. Lórí títì yẹn ni wọ́n gbé ọmọ mi obìnrin gbà dé ọsibítù Ọ̀wọ̀ nígbà tí ìbímọ le fún un, òun àti ọmọ rẹ̀ sì wà láàyè lónìí. Kí Ọlọ́run bù kún ẹni tó dà á. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mọ́tò ti ń kó iṣu láti ẹ̀bá títì, ta ni yóò tún rù ú lórí gba Afo? Ẹgbẹ́ kan kò wá lọ́dún yìí, òmíràn kò wá lọ́dún kejì. Àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí ẹ̀bá títì, wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀. A kò bá ará Afo jà, a kò bá wọn ṣe ọ̀tá. A kàn ṣíwọ́ láti máa rí ara wa. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀ kí ojú wa tó rí i.

Ó wá ku àwa méjì. Èmi ní ìhà yìí, Adéwọlé ní ìhà ọ̀hún. Àbúrò ìyàwó mi ni Adéwọlé, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn tí a sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Àna mi, ọ̀nà yìí kò gbọdọ̀ dí mọ́ yín.” Àwa arúgbó méjì wá ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta. A kò ṣán an fẹ̀ mọ́, ibi tí ẹsẹ̀ kan yóò gbà ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí arère á pe ẹnì kejì lórí fóònù, á pariwo bí ẹni pé gbogbo ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀: “A ti dé ìdí arère! Ìhà tiwa ti mọ́!” Òun náà á ní, “Ẹ dúró dè wá, a ń bọ̀!” Nígbà tó bá dé, mo ń jẹ iṣu tirẹ̀, ó ń jẹ tèmi. Kò mọ iṣu sun rárá. Iyọ̀ ìdílé wọn náà ló wà nínú epo rẹ̀, mo sì ń jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn náà ni ojú Adéwọlé ṣú, kò ríran mọ́. Ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ sí Àkúrẹ́, ó sì ṣe dáadáa, torí ènìyàn kò lè fi ojú tó ṣú mú àdá. Ìhà ọ̀hún wá di igbó.

Mo ṣán tiwa lọ́dún yìí. Ẹ máa wò mí. Kì í ṣe ọjọ́ kan, mo ń ṣe díẹ̀, mo ń sinmi, mo ń padà. Nígbà tí mo kọjá odò, tí mo dé ibi tí ilẹ̀ ti gòkè, mo gbé ọwọ́ sókè. Ta ni mo ń dá lẹ́kun? Ọwọ́ ló gbé ara rẹ̀ sókè. Mo fetí sílẹ̀. Ẹyẹ nìkan ló ń ké. Ó dùn mí, ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí débi tí mo fi jókòó sílẹ̀ lórí ewé tútù. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè dá wà tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Mo dìde, mo ṣán an dé ìdí igi. Mo pe Adéwọlé. Mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ọmọdé tó ń sunkún. Mo ní, “A ti dé ìdí arère. Ìhà tiwa ti mọ́.” Ó ní, “Ẹ dúró dè wá.” Kò lè sọ èyí tó kù. Mo ní kó kí ilé, mo pa fóònù.

Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ní kí ẹ kọ Afo sílẹ̀. Rọ́nkẹ́ ní ẹ̀rọ tó ń wo ilẹ̀ láti òkè kò rí ọ̀nà kankan níbẹ̀, igi nìkan ló rí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, òkè kọ́ ni a ti ń rí i. Ó ní wọn yóò bèèrè pé èrò mélòó ló ń gbà á kí wọ́n tó fa ìlà aláwọ̀ ewé sí i. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn: ẹnì kan ni, òun gan-an kò sì lè kọjá ìdí igi. N kò bèèrè ọ̀dà. N kò bèèrè bọ́ọ̀sì. Ibi tí ẹsẹ̀ kan yóò gbà ni mo ń wá.

Kí lo sọ, Ràṣídì? Sún mọ́ mi, etí yìí kò gbọ́ dáadáa. O ní kí ẹ kó ara yín wá ní Sátidé, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì yín, kí ẹ bá mi ṣán ìyókù rẹ̀ kọjá? Ọlọ́run á bá mi wo bàbá rẹ tó bí ọ. Ṣùgbọ́n rárá. Ṣé o kò gbọ́ ti àwọn àbúrò wa tí wọ́n ṣe oore ni? Èmi náà lè ṣán an, bí ó tilẹ̀ gbà mí títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo ti dúró sídìí igi yẹn pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, mo wo iwájú, ibojì ìyàwó mi wà lọ́hùn-ún, kò jìnnà. Mo padà. Bí mo bá fi olè jíjà la ọ̀nà dé ilé bàbá rẹ̀, ojú wo ni n ó fi jókòó tì í? Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Àwọn onílẹ̀ ni kó ṣán tiwọn wá.

Ẹ ti fẹ́ máa lọ. Ẹ ká àwòrán yín jẹ́jẹ́, kó má ya. Rọ́nkẹ́ ní ọ̀la ni ẹ ń lọ sí Afo, pé ẹ ó bá baálẹ̀ wọn jókòó, ẹ ó bi àwọn náà ní ìbéèrè tí ẹ bi mí. Ọ̀dọ́ ni baálẹ̀ wọn báyìí, kò lè mọ̀ mí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà á wà níbẹ̀, ó kéré tán ẹnì kan tó ti jẹ iṣu lábẹ́ arère. Kí ẹ tó tẹ́ àwòrán yín sílẹ̀, ẹ bá mi jẹ́ iṣẹ́ kan fún wọn. Ẹ dúró sọ́ọ̀ọ́kán, ẹ má jókòó, bí wọ́n tilẹ̀ fún yín ní àga. Ẹ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ má yí i padà. Ẹ ní, a ti dé ìdí arère, ìhà tiwa ti mọ́.

Bí wọ́n bá bi yín pé àwa mélòó ni, ẹ má sọ pé ẹnì kan ni o. Ẹ ní a wà níbẹ̀, à ń dúró dè wọ́n.